Ẹ má yìnbọn sí i

Àbúrò mi, o ní erin ti wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àgbà àdúgbò sì fẹ́ dáwó jọ fún ọdẹ. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Ojú mi ti rí i nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítòsí abúlé tí wọ́n ń pè ní J4.

Òru ọjọ́ kan ni erin ba oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi jẹ́. Kì í ṣe èso nìkan ló jẹ: ó fa igi ya, ó jẹ inú rẹ̀ tó rọ̀, ó tún tẹ kòkó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn mọ́lẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún. Owó iléèwé ọmọ mi ló lọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún mi. Ẹni tó bá ní kí àgbẹ̀ má bínú kò tíì dáko rí.

Àwa náà pe ọdẹ. Ó fi ṣakabùlà yìn ín, ọta bà á, kò kú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè dá lọ sóko ní ìdájí mọ́. Erin tó gbọgbẹ́ kì í bi ọ́ bóyá ìwọ lo yìn ín. Ó lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi títí dé etí odò. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ata ló gbà wá. A gún ata gbígbẹ, a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, a sá a, a wá ń finá sí i lálẹ́ níbi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín rẹ̀ lọ sápá igbó. Imú erin ò gbà á. Tí òjò bá pọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Bàbá ọdẹ kan ló wá fi ojú ọ̀nà tí àwọn erin ń gbà hàn mí. Ìgbẹ́ erin ló wà níbẹ̀, kóró òro kún inú rẹ̀. Òro tí à ń ṣa, tí à ń tà ní àpọ̀n, ikùn erin ló ń gbé e kiri inú igbó! Láti ọdún 1925 nìjọba ti pààlà igbó náà fún ìtọ́jú. Àwa la bá erin níbẹ̀. Oyún rẹ̀ sì tó oṣù 22, nítorí náà èyí tí a bá pa kì í tètè ní arọ́pò. Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yẹn, mo gbìn ín sẹ́yìn abúlé.

Ẹ má gbẹ́ kòtò o. Ọmọ tó ń ṣa ìgbín lè já sí i. Kí wọ́n fi owó ọdẹ yẹn ra ata, kí o sì bi bàbá rẹ léèrè ibi tí erin ń gbà kọjá kí wọ́n tó ro oko náà.