Ìbéèrè Òǹkàwé: Níbo Ni C Ti Ń Wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wa ní yunifásítì, mo yanjú dy/dx = 2xy, mo sì kọ y = e^(x²) + C (C ni nọ́ńbà tí kì í yí padà tí integration máa ń mú wá). Kí ló dé tí olùkọ́ wa fi fagi lé e?

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín kò fi ìyà jẹ yín o. Nígbà tí ẹ bá fi y pín ọ̀tún àti òsì, tí ẹ sì ṣe integration, ln|y| = x² + C ni ẹ óò rí (ln ni logarithm tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ e); C ti wọlé kí ẹ tó tú ln kúrò, nítorí náà ó di ohun tí ń sọ e^(x²) di ìlọ́po: y = Ae^(x²), níbi tí A ti dúró fún e^C tàbí −e^C. Ẹ dán tiyín wò: dy/dx rẹ̀ jẹ́ 2xe^(x²), ṣùgbọ́n 2xy fi 2Cx lé e. Níwọ̀n bí a kò sì ti lè fi òdo pín nǹkan, ẹ yẹ y = 0 wò lọ́tọ̀; ojútùú ni òun náà, bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ ń fò ó.