Ẹ Gbé Àgbo Kúrò Lẹ́nu Ológbò Tó Ní Àtọ̀gbẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ológbò wa, Simba, akọ ni, ó ti tó ọmọ ọdún 10, ó sì sanra rọ̀gbọ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n sọ pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ní ká máa gún un ní ínsúlínì láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo tún ń fi omi ewúro àti àgbo tí màmá mi ń mu sí ìtọ̀ ṣúgà tiwọn tì í, torí ó ń bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan, ó ń ṣe bákan. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa ké lóru, ojú rẹ̀ á là kalẹ̀. Aládùúgbò wa ní nǹkan ti wọ inú rẹ̀. Ṣé ínsúlínì ni kí n fi kún ni, àbí àgbo? A ò fún un ní mílíìkì mọ́ o, kó má baà jẹ ṣúgà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Simba, ẹ má fi kún ọ̀kankan. Bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ́wọ́ báyìí, ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ fi ìka kó oyin díẹ̀, tàbí kí ẹ po gúlúkóòsì mọ́ omi kó ki, kí ẹ fi ra èrìgì rẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bí gìrì bá mú un, ẹ má da nǹkan olómi sí i lẹ́nu, kó má baà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ààrin eyín rẹ̀. Oyin díẹ̀ lábẹ́ ètè ti tó, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù ẹran. Kódà bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ínsúlínì tó wà lára rẹ̀ lè má tíì parí iṣẹ́.

Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù ló jọ, kì í ṣe ṣúgà tó pọ̀ jù. Èyí tó pọ̀ jù kì í dédé ṣe bẹ́ẹ̀. Ológbò á máa mu omi bí ẹni pé kò ní sí omi lọ́la, á máa tọ̀ káàkiri, èèrà á bo ìtọ̀ rẹ̀, á máa jẹun ṣùgbọ́n á máa rù. Bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ rìn. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ló ń mú un sápamọ́, tó ń mú un gbọ̀n, tó ń mú un ké, tí ẹyinjú rẹ̀ fi ń fẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún aládùúgbò yín pé kò sí ohun tó wọ inú Simba. Ọpọlọ tí kò rí ṣúgà lò ló ń ké.

Ti mílíìkì: ẹ ṣe dáadáa pé ẹ dá a dúró, torí ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ àgbà ológbò ya ìgbẹ́ gbuuru, àmọ́ òun kọ́ ló fa àìsàn. Ológbò kì í mọ adùn ṣúgà lẹ́nu rara. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ohun tó yẹ kó máa gbé adùn náà fún ahọ́n rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìran wọn. Ọ̀rá ara, ọjọ́ orí, àìrìn, nígbà míràn abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún un fún ara yíyún, ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ bi ara yín léèrè. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn.

Ó wá kù ọ̀rọ̀ àgbo. Ẹ má bínú sí mi, ó ti sú mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í gbé ológbò tàbí ajá tí wọ́n ti fi àgbo tì bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu olówó rẹ̀: "Dókítà, ewé lásán ni." Mi ò bá ewúro jà. Mò ń jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ nílẹ̀ wa ti dán an wò lára eku tó ní àtọ̀gbẹ, ó sì mú ṣúgà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n eku ni wọ́n fi dán an wò, ológbò sì lẹ ní nílé. Ìwọ̀n wo ni ẹ ń bù fún un? Ṣíbí kan? Ìlàjì? Ta ló sọ fún yín? Bí ewúro yẹn bá tilẹ̀ ń mú ṣúgà wálẹ̀ lóòótọ́, ẹ ti ń gún un ní ínsúlínì, ẹ tún wá fi òmíràn tì í lẹ́yìn.

Èyí tó burú jù ni ohun mìíràn tó wà nínú ìgò náà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ màmá yín. Ọ̀pọ̀ àgbo ìtọ̀ ṣúgà ló ní àlùbọ́sà àti ayù nínú. Májèlé ni méjèèjì fún ológbò, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe sísè, ìbáà ṣe gbígbẹ. Wọ́n máa ń ba hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kì í sì í hàn lọ́jọ́ kan náà; lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni èrìgì á ti funfun, tí ìtọ̀ á dúdú bíi tíì, tí ẹran á máa mí gúlegúle. Àgbo míràn sì wà tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n fi rẹ egbò rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ ìyẹn, a jẹ́ pé Simba mutí yó ní ti gidi, ọtí náà sì tún ń fa ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè tú ọ̀pọ̀ nǹkan tí ẹ̀dọ̀ wa ń tú. Parasitámọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo tí ènìyàn fi ń wo orí fífọ́ lè pa á. Nítorí náà, ohun tó bá màmá lára mu ò lè jẹ́ ẹ̀rí fún ológbò.

Kíkorò tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi nǹkan korò tì í, á máa da itọ́, á bì, oúnjẹ á sì sú u. Ẹ ti gún un ní ínsúlínì, oúnjẹ ò sì dúró nínú rẹ̀. Ibo ni ṣúgà fẹ́ wà? Ẹ jọ̀wọ́, ológbò tí kò bá jẹun tàbí tó bá bì, ẹ má gún un títí ẹ ó fi bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ fò kì í sábà pa á. Méjì tí ẹ gún lé ara wọn lè pa á.

Ohun kan wà tí àwọn alágbo kì í sọ, bóyá wọn ò mọ̀ ni. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì, tí oúnjẹ sì bá a mu, ara àwọn ológbò kan máa ń padà pèsè ínsúlínì tirẹ̀, débi pé a lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹni tó ń fún un ní àgbo nígbà yẹn á ní àgbo òun ló ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni Simba ń lọ, tí ìwọ̀n tó tó lóṣù tó kọjá ti wá pọ̀ jù fún un báyìí. Mi ò rí i, mi ò lè búra.

Ẹ wo sìríǹjì yín náà dáadáa. Ínsúlínì ènìyàn tó wà ní ilé oògùn, 100 yúníìtì ló sábà máa ń wà nínú mílílítà kan. Caninsulin tí a ń lò fún ẹran jẹ́ 40. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní sìríǹjì tirẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sí ara rẹ̀ wínníwínní. Bí ẹ bá fi sìríǹjì oní-40 fa ínsúlínì oní-100 dé àmì 2, yúníìtì 5 lẹ fà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má mú èyí tó wà nínú fíríìjì màmá gún un. Bí iná bá lọ, ẹ fi aṣọ wé ìgò náà kí ẹ tó gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Èyí tó bá ti dì kò wúlò mọ́.

Ẹ̀rọ tí màmá fi ń yẹ ṣúgà wò lè ràn yín lọ́wọ́; etí ológbò la ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ó lè fi nọ́ńbà tó kéré díẹ̀ sí òótọ́ hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 60 mg/dL tàbí tó kéré sí i, ẹ má gún un, ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ pe dókítà. Oúnjẹ rẹ̀ ńkọ́? Ẹja àti adìẹ tí kò ní ata, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà ló dára ju ẹ̀bà àti ìrẹsì lọ, torí ẹran ni ológbò ń jẹ. Ẹ má kàn yí i padà lójijì o. Bí ẹ̀bà bá kúrò, ínsúlínì á ní láti dínkù pẹ̀lú.

Mi ò ní sọ yúníìtì tí ẹ ó máa gún un níbí. Dókítà tó gbé Simba lé òṣùwọ̀n ló lè sọ ọ́. Bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ kó ìgò ínsúlínì, sìríǹjì kan tí ẹ ò tíì lò àti ìgò àgbo náà dání, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì pé. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bíi ti ohun tí wọ́n fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì jẹun, ẹ má dúró di àárọ̀.