Èsì sí ìbéèrè arábìnrin kan tó kó àwọn ọ̀dọ́ lọ wàásù: ògbufọ̀ já wa sílẹ̀ ní Kútọnu, aṣọ́bodè gba páálí Bíbélì wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sunkún, ṣé ká padà sí Ṣàgámù?

Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin. Ẹ má tíì padà. Ẹ kọjá sí Sakété tàbí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbẹ̀ náà: Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ohùn wọn á kọ́kọ́ ṣàjèjì sí etí ará Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ra yín.

Ìyẹn bí 90 ọjọ́ tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fún yín láti wà níbẹ̀ láìgba físà kò bá tíì pé, tí ìjọ kan níbẹ̀ sì gbà yín lálejò. Ẹ pe pásítọ̀ wọn kí ẹ tó wọkọ̀.

Ní ti páálí Bíbélì tí aṣọ́bodè gbà ní Sèmè, ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san rìbá. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn tí a bá fi rìbá la ọ̀nà fún ìhìnrere.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sunkún yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, kí wọ́n sùn, kí ẹ tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ máa lọ sílé.