Ta ni olóògbé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mú kí ará ìlú mọ̀ nípa òkúta tó ń já láti ojú ọ̀run?

Harvey Nininger ni, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1887, tó sì kú ní 1986. Chladni, ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1794 pé òkè ọ̀run ni àwọn òkúta wọ̀nyí ti ń wá, ṣùgbọ́n Nininger ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé oko àti abúlé. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni ní Kansas kó tó rí iná ńlá kan tó la ojú sánmà kọjá ní oṣù kọkànlá 1923. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń dá òkúta náà mọ̀, tó sì ń fi owó ra èyí tí wọ́n bá hú jáde.

Ẹni tó bá ṣa òkúta dúdú tó wúwo ní Ìbàdàn lè fi òòfà dán an wò, nítorí irin wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ òòfà lè fa ìdàrọ́ ilé alágbẹ̀dẹ náà, èyí tí ihò wẹẹrẹ sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹdùn àrá ojúbọ Ṣàngó kò sí lára wọn. Àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀.