Oríkèé iṣẹ́ ni kí ẹ wá kí ẹ tó gé e

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Òṣogbo. Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wá fún mi: ènìyàn 60, ọ̀pá 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan náà. Mo ti gba owó àṣansílẹ̀, ìgbéyàwó náà sì ku ọ̀sẹ̀ 5. N kò gba irú iṣẹ́ tó pọ̀ tó báyìí rí. Mo pín in lọ́gbọọgba fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 15 fún oníkálukú, pé kí wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó jáde, àwọ̀ wọn kò dọ́gba rárá. Oorun kò kun ojú mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aláró, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Pípín tí ẹ pín iṣẹ́ náà kò burú, ojú ibi tí ẹ ti gé e ni kò tọ́. Ẹrù ni ẹ pín, ẹ kò pín iṣẹ́. Gbogbo ohun tó le nínú aṣọ 60 ló ṣì wà lọ́rùn ọmọ tó gba 15, nítorí náà ìṣòro kan ṣoṣo tí ẹ ní ti di mẹ́rin. Alápatà tó mọṣẹ́ kì í dédé gé egungun láàárín; oríkèé ni ó máa ń wá kí ó tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

Oríkèé iṣẹ́ yín kò pamọ́: títẹ àbẹ́là sára aṣọ kí aró má baà wọ ojú ibẹ̀, pípo aró, rírẹ aṣọ, fífi omi gbígbóná yọ àbẹ́là, sísá àti lílọ̀. Nídìí pípo aró ni ọ̀ràn àwọ̀ ti bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ṣíbí bu sóódà, tí èkejì fojú wọ̀n ọ́n, àwọ̀ kò lè bára mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ tó wọ bàsíà kẹ́yìn kò ní mu aró tó ti àkọ́kọ́, nítorí pé agbára aró ń dín kù bí aṣọ ṣe ń mu ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa pò ó, kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì máa po ọ̀tun fún aṣọ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ìrépé kan dánwò, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ tí oníbàárà fọwọ́ sí nígbà tí méjèèjì bá ti gbẹ, torí pé aṣọ tútù máa ń dúdú ju bí yóò ṣe rí lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù lọ ni ibi tí iṣẹ́ ti lè dúró láìbàjẹ́. Aṣọ tí a tẹ àbẹ́là sí tí a wá ká jọ, àbẹ́là rẹ̀ yóò sán, aró yóò sì gba ojú sísán náà wọlé. Ẹ má ṣe tẹ àbẹ́là sí gbogbo 60 tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ wọ́n. Ẹ tẹ mẹ́wàá, ẹ rẹ mẹ́wàá, ẹ yọ àbẹ́là rẹ̀, ẹ sá a. Aṣọ tó ti gbẹ lè dúró di ìgbàkígbà.

Ní ọdún 1776, Adam Smith, ará Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ènìyàn 10 ti pín ṣíṣe píìnì sí ìpele bíi 18, tí wọ́n sì ń ṣe ju 48,000 lọ lóòjọ́. Bí oníkálukú bá dá tirẹ̀ ṣe, ó ní bóyá ni ẹnì kan yóò fi ṣe 20. Èrè tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí òbí fà lé yín lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira láì mọ̀ ju àbẹ́là títẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ yìí bá parí, ẹ yí ipò wọn padà lórí èyí tó kàn. Ẹ má ṣe yí i láàárín rẹ̀.

Ní ti ọjọ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á bọ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 sílẹ̀ fún àwọn télọ̀, ó ku 3, ìpín mẹ́wàá-mẹ́wàá mẹ́fà sì wà: méjì lọ́sẹ̀ kan. Òjò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ fi ohun mìíràn sílẹ̀ lọ sídìí sísá.

Àwọn mẹ́jọ tó ti jáde, ẹ má ṣe fi wọ́n há àárín àwọn yòókù. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún títà, kí ẹ sì ra ọ̀pá 40 aṣọ funfun dípò wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.