Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú agbègbè wa pa: ọ̀nà wo la lè gbà dá a padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà lágbègbè wa pa. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní òfò lòun ń jẹ lọ́dọọdún, ilé ló sì fẹ́ kọ́ síbẹ̀ báyìí. A ti kó ara wa jọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti buwọ́ lùwé fún wa. Àmọ́ gbogbo ìgbà tá a bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ohun kan náà ni wọ́n ń bi wá: "Ṣé ó lè pa owó?" A ò mọ bá a ṣe máa dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ní ìdáhùn, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú. Bí ilẹ̀ bá fi bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kò sí ìṣirò owó kankan tó lè dá pápákọ̀ padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2003, olórí ìlú Chicago nígbà náà, Richard Daley, rán katapílà lọ sí pápákọ̀ Meigs Field lóru. Wọ́n gbẹ́ àmì X ńláńlá sójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn bàálù tó sùn síbẹ̀ ti há, pápákọ̀ sì ti parí. Àwọn èèyàn ti ń jà fún ibẹ̀ láti ọdún bíi mélòó kan ṣáájú. Owó ìtanràn tí ìjọba àpapọ̀ bù lé ìlú náà kò ju 33,000 dọ́là lọ, ibẹ̀ sì di ọgbà ìgbafẹ́.

Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í lo katapílà lóru. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á jẹ́ kí ìwé àṣẹ kú, wọ́n á ta ọkọ̀ panápaná, wọ́n á wá tọrọ àyè láti kọ́ ilé. Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó ni ilẹ̀ náà gan-an. Ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tì pa ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ìgbìmọ̀ ìlú ló ni ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló háyà rẹ̀ fún ọdún 150. Ètò ìlò ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ lọ́dún 2019 fi pápá náà pamọ́ fún ọ̀rọ̀ bàálù. Ìyẹn nìkan kò ṣí pápákọ̀, àmọ́ ó dí àwọn tó fẹ́ kọ́lé lọ́wọ́. Ní Doncaster, tí wọ́n tì pa ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ ló gba ilẹ̀ náà háyà fún ọdún 125 lọ́dún 2024. Ìbuwọ́lù yín níye lórí gan-an níbi tọ́rọ̀ dé yìí, torí àwọn aṣòfin ìlú ló ń dìbò lórí ètò ìlò ilẹ̀, ìbò aráàlú ni wọ́n sì ń wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ wo bàálù kékeré kan tó ń bọ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú èrò ọgbọ̀n. Kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, panápaná ti gbọ́dọ̀ wà ní ìmúra, gígùn bàálù sì ni òfin fi ń díwọ̀n iye omi àti ọkọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní, kò kan iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bá awakọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ jókòó sínú ilé gogoro. Iná ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ tàn, àwọn tó ń yẹ àpò wò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu iṣẹ́. Bàálù yẹn á gbéra padà láàárín wákàtí kan, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí á sì wà níbẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́ tí òmíràn máa dé. Owó oṣù wọn ò dín kù. Ṣe ló dà bí ẹni tó da odidi àpò èédú sí àdògán nítorí àtise ẹyin kan.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2014, lórí owó tí ìjọba lè fi ran pápákọ̀ lọ́wọ́, fi gbà pé pápákọ̀ tí èrò rẹ̀ kò tó 200,000 lọ́dún lè má lè gbé èyí tó pọ̀ nínú ìnáwó rẹ̀. Èyí tó bá kọjá mílíọ̀nù 5 ló sábà máa ń jèrè. Ẹ fi iye èrò tiyín wé e. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ẹ bọ́ sí, ẹ má ṣèlérí èrè fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ iye tí owó tó ń wọlé máa fi dín sí ìnáwó lọ́dọọdún àti iye ọdún tí ẹ fẹ́ kí ìjọba fi gbé e, kí ẹ sì sọ ohun tí agbègbè máa rí gbà dípò rẹ̀. Èmi ò gbà pé pápákọ̀ gbọ́dọ̀ pa owó ká tó lè dá a sí. Ìjọba Scotland ra pápákọ̀ Prestwick ní pọ́ùn kan lọ́dún 2013, ti Wales ra Cardiff ní mílíọ̀nù 52 pọ́ùn lọ́dún yẹn kan náà. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n fi ìṣirò dídùn tan aráàlú, kí pápákọ̀ ṣí, kó sì tún tì lẹ́yìn ọdún kan.

Ìbuwọ́lù kò sì tó fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo ẹni tó fẹ́ pápákọ̀ kọ́ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó buwọ́ lùwé, kí ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ fò lọ lọ́dún tó kọjá? Pápákọ̀ wo lẹ ti wọkọ̀? Èló lẹ san, ta ló san án? Ẹ lọ bá àwọn iléeṣẹ́, ilé ìwòsàn àti yunifásítì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà iye ìrìn àjò tí òṣìṣẹ́ wọn ń rìn lọ́dún àti iye tí wọ́n lè san. Ogún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń wúlò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbuwọ́lù lọ nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń pín bàálù sójú ọ̀nà. Bí pápákọ̀ ńlá kan bá sì wà nítòsí tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀, tówó rẹ̀ sì wọ́n níwọ̀n, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Wọ́n á rí i bí ẹ ò tiẹ̀ kọ ọ́.

Ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín lé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo. KLM, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í ná pápákọ̀ Manston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ó dá a dúró lẹ́yìn ọdún kan, pápákọ̀ sì tì ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Nígbà tí Flybe, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan níbẹ̀, wó ní oṣù kẹta ọdún 2020, pápákọ̀ Exeter àti Southampton pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Gígùn ojú ọ̀nà bàálù ló máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Ti Plymouth kò ju bíi mítà 1,160 lọ, nítorí náà kò sí àǹfààní pé Boeing 737 tó kún fún èrò máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Tiyín bá gùn, ẹ ronú kọjá èrò. Pápákọ̀ Teruel ní Sípéènì kò ní èrò, àmọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù àti bíbá àwọn ilé-iṣẹ́ gbé bàálù wọn pamọ́ ló ń bọ́ ọ. Ti Ciudad Real, ní orílẹ̀-èdè kan náà, gba owó tó tó bílíọ̀nù kan yúrò, ó ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2012 torí kò rí èrò, irú iṣẹ́ yẹn náà ló sì padà sí. Ẹ tún lè ronú nípa ilé ìwé awakọ̀ òfurufú àti hẹlikópítà ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọn kì í tóbi.

Ní ti ẹrù, ẹ ṣọ́ra. Àwọn tó fẹ́ sọ Manston di pápákọ̀ ẹrù gba ọ̀nà òfin ọdún 2008 kan tó ní kí iṣẹ́ tó bá lè gba ìrìn bàálù ẹrù 10,000 lọ́dún kọjá sọ́dọ̀ mínísítà. Àwọn olùyẹ̀wò ní kí wọ́n má gbà á torí wọn ò fi hàn pé a nílò rẹ̀. Mínísítà gbà á ní 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé e ní 2021, wọ́n tún fọwọ́ sí i ní 2022. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá kó tó débẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé òun máa dókòwò, ẹ bi í bóyá ó lówó tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlò ilẹ̀, ẹ béèrè bóyá ìwé kankan tó ń tọrọ àyè láti kọ́lé ti wọlé lórí pápá náà àti ọjọ́ tí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ aráàlú mọ. Àkókò yẹn kì í pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn.