Ẹ̀dọ̀ adìẹ kì í dúró lórí ìwọ̀ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, odò Ọ̀ṣun ni mo máa ń lọ dẹ ìwọ̀ sí ní Sátidé. Wọ́n ní àrọ̀ fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ adìẹ, ni mo bá ń rà á ní kóòdù rúùmù, àmọ́ bí mo bá ti ju ìwọ̀ báyìí, ẹ̀dọ̀ á gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ìwọ̀ á gba ọ̀nà tiẹ̀. Èyí tó bá tiẹ̀ bá ìwọ̀ wọ omi, tí mo bá fà á wò, ìwọ̀ lásán ni màá rí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kóòdù rúùmù yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó bá ti dì gbagidi, yìnyín ti fa inú ẹ̀ ya, tó bá wá yọ́ tán á rọ̀ bí àmàlà tó lómi jù, kò sí ìwọ̀ tó máa mú un dúró. Lọ bá àwọn tó ń pa adìẹ lójú ẹsẹ̀ lọ́jà, gba ẹ̀dọ̀ tútù lọ́wọ́ wọn. Tó o bá délé, tò ó sínú abọ́, bu iyọ̀ lé e dáadáa, kó o gbé e sínú fíríìjì mọ́jú, ibi tí kì í ti í dì o, kì í ṣe fírísà. Iyọ̀ yẹn á fa omi ara ẹ̀ jáde, ilẹ̀ á fi máa mọ́ á ti le, wàá kàn da omi pupa tó sun jáde nù ni.

Jọ̀ọ́ má bọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń rì í sínú omi gbígbóná, á le lóòótọ́, àmọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹja ń wá ti bá omi yẹn lọ nìyẹn. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló wà lẹ́nu àrọ̀, òun ló fi ń wá oúnjẹ kiri nínú omi tó dọ̀tí, kì í ṣe ojú. (Àrọ̀ inú odò ni mò ń sọ o, àwọn tí wọ́n ń sìn ní Eriwe, abúlé àwọn ọlọ́sìn ẹja, oúnjẹ oníhóró ni wọ́n mọ̀.)

Ó wá ku bó o ṣe máa fi sórí ìwọ̀. Má kàn gún un lẹ́ẹ̀kan kó o jù ú. Gún un, yí i, tún un gún, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kó o wá fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ yíká yíká, kò pọn dandan kó o ta á ní kókó, tó o bá ti wé e dáadáa òwú náà á di ara ẹ̀ mú. Ṣóńṣó ìwọ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta o! Tí òwú bá bò ó mọ́lẹ̀, ẹja á jẹun tán á lọ ni. Tó o bá fẹ́ jù ú, fì í jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, torí jíjù tagbáratagbára látòkè orí ló ń já ẹ̀dọ̀ tó pọ̀ jù lọ, tòótọ́ ni mò ń sọ fún ẹ. Kó o sì gbé kúlà oníyìnyín dání, má ṣe tẹ́ ẹ̀dọ̀ sínú oòrùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé, odò Ìbù la ti ń pẹja. Tiwa ò já, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ló ń ṣá a jẹ tán. Ṣé ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta á dáa?

ÌDÁHÙN: Ẹlẹ́nu mẹ́ta máa ń di ẹ̀dọ̀ mú dáadáa, àmọ́ níbi tí gbòǹgbò igi bá ti pọ̀ lábẹ́ omi, ó máa há ni, o ò ní rí i fà jáde. Gbìyànjú èyí ná: àwọn fìlà pẹlẹbẹ tí obìnrin ń wọ̀ sábẹ́ wíìgì, èyí tó dà bíi sítọ́kìn, gé e wẹ́wẹ́, di ẹ̀dọ̀ sínú ẹ̀ bí àpò kékeré, so ẹnu ẹ̀, kó o gún ìwọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Òórùn á jáde, àwọn ẹpìyà kéékèèké ò sì ní lè tètè ṣá a jẹ. Tó o bá ṣe tán, kó gbogbo ẹ̀ dání lọlé, má jù ú sódò, kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, gbàgbé ẹ̀dọ̀, lo ìfun adìẹ tàbí iwe ẹ̀ tó o gé tín-ín-rín, ìyẹn lágídí, ó lè pẹ́ dáadáa nínú omi. Ẹ̀dọ̀ ní tiẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tán lára ẹ̀, fà á, pààrọ̀ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀ níbi tí ẹ ò bá mọ̀, torí àwọn ibì kan wà tí wọn kì í ti í pẹja. Tó bá wá jẹ́ òjìjí ló gbé ìdẹ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, iná ara èyí tó bá tóbi lè tó 350 fólítì, ẹ gé okùn náà kó máa lọ.